Orí Karùn-ún: Orúkọ Aldehyde àti Yíyà Rẹ̀ Sórí Ìwé

Aldehyde ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì fún ẹbí kan láàárín àwọn èròjà oníkábọ́nù, ẹbí tí òórùn rẹ̀ ti wà nínú ilé àti lóko ní ilẹ̀ Àkókó tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà. Èéfín igi tó ń ta ojú ẹni tó ń dáná, òórùn koríko ọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà ya, òórùn tó ń jáde lára kòkó tí wọ́n yan, òórùn epo tó ti pẹ́ jù nínú ìgò, àti májèlé tí ọtí ń dà nínú ẹ̀dọ̀ ẹni tó mu ún, aldehyde kan tàbí òmíràn wà nídìí gbogbo wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò WAEC sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà tàbí ní Àjọwá sábà máa ń bá ẹbí yìí pàdé gẹ́gẹ́ bí àwọn orúkọ tí ó gbọ́dọ̀ há sórí, lábẹ́ àkọlé "alkanal" tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ ń lò. Ṣùgbọ́n orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe ohun àhásórí rárá, nítorí pé ìlànà tí wọ́n fi ṣẹ̀dá wọn mú kí ẹni tó bá mọ̀ wọ́n kà lè ya èròjà tí kò rí rí, kí ó sì ti mọ díẹ̀ nínú ìwà èròjà náà kí ó tó kàn án.

Átọ̀mù ni ẹyọ tó kéré jù lọ lára èròjà ìpìlẹ̀ bíi kábọ́nù, háídírójìn àti ọ́síjìn; ìdè ni ohun tó so átọ̀mù kan mọ́ èkejì, mólékù sì ni àkójọpọ̀ átọ̀mù tí ìdè ti so pọ̀. Nínú irú èròjà tí orí yìí ń sọ̀rọ̀ lé lórí, iye ìdè tí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ń ní kì í yí padà: mẹ́rin ni ti kábọ́nù, méjì ni ti ọ́síjìn, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni ti háídírójìn. Ohun tó sọ mólékù kan di aldehyde ni pé kábọ́nù kan nínú rẹ̀ fi ìdè méjì di ọ́síjìn kan mú, ó fi ìdè kan di háídírójìn mú, ó sì fi èyí tó ṣẹ́kù so ara rẹ̀ mọ́ ìyókù mólékù náà. Ìdìpọ̀ átọ̀mù mẹ́ta yìí ni wọ́n máa ń kọ ní CHO. Nítorí pé ìdè kan ṣoṣo tí háídírójìn ní ti tán, tí ọ́síjìn náà sì ti lo méjèèjì tirẹ̀, kò sí ibi tí kábọ́nù mìíràn tún lè gbà so mọ́ wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé ìparí ẹ̀wọ̀n kábọ́nù ni CHO gbọ́dọ̀ máa wà ní gbogbo ìgbà. Bí kábọ́nù tó di ọ́síjìn mú pẹ̀lú ìdè méjì bá bọ́ sí àárín, tí kábọ́nù mìíràn wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀, kì í ṣe aldehyde mọ́. Ketone ni, tí ìwé WAEC ń pè ní alkanone, asitóònù tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Orí òtítọ́ kékeré yìí, pé ìparí ni CHO máa ń wà, ni gbogbo ìlànà orúkọ dúró lé. Ẹni tó fẹ́ sọ aldehyde lórúkọ yóò kọ́kọ́ wá ẹ̀wọ̀n kábọ́nù tó gùn jù lọ tí kábọ́nù CHO wà nínú rẹ̀, yóò ka iye kábọ́nù tó wà nínú ẹ̀wọ̀n náà, yóò sì mú orúkọ alkane tó ní iye kan náà, ìyẹn èròjà tí kò ní ju kábọ́nù àti háídírójìn lọ tí gbogbo ìdè rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Yóò gé lẹ́tà "e" tó parí orúkọ alkane náà kúrò, yóò sì fi àfòmọ́ ìparí "-al" rọ́pò rẹ̀. Methane tó ní kábọ́nù kan di methanal, ethane oníkábọ́nù méjì di ethanal, propane di propanal, butane di butanal, bẹ́ẹ̀ ni pentanal oníkábọ́nù márùn-ún àti hexanal oníkábọ́nù mẹ́fà tẹ̀lé wọn. Kábọ́nù inú CHO ni nọ́mbà 1 nígbà gbogbo, nítorí náà kò sí ìdí láti kọ nọ́mbà náà sínú orúkọ, ẹni tó bá sì kọ "butan-1-al" kò ṣẹ̀ ju pé ó sọ ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀. Àṣìṣe tó burú jù ni ti ẹni tó yọ kábọ́nù CHO kúrò nínú kíkà, tó wo CH₃CH₂CHO tó sì pè é ní ethanal nítorí pé kábọ́nù méjì ló rí níwájú CHO, nígbà tí mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ propanal.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ya "-al" sọ́tọ̀ kúrò lára "-ol", tí í ṣe àfòmọ́ ìparí orúkọ àwọn alkanol, ẹbí tí ọtí wà nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn nínú àwòrán kò pọ̀ ju ti lẹ́tà náà lọ: bí wọ́n bá yọ háídírójìn méjì kúrò lára ethanol, tí í ṣe ọtí inú ẹmu, inú bíà àti inú ògógóró, ethanal ni yóò ṣẹ́kù. Ohun tí Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, ní lọ́kàn nìyí ní ọdún 1835 nígbà tó fi ọ̀rọ̀ èdè Látìn tó túmọ̀ sí ọtí tí wọ́n ti yọ háídírójìn rẹ̀ ṣe orúkọ aldehyde. Iṣẹ́ yíyọ háídírójìn yìí kò nílò ilé ẹ̀rọ, nítorí pé ẹ̀dọ̀ ènìyàn ń ṣe é ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá mu ọtí. Ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn èròjà inú ara tó ń mú kí ìyípadà yára, a máa sọ ethanol di ethanal, ẹ́ńsáìmù kejì a sì tètè sọ ethanal di ethanoic acid, tí í ṣe ásíìdì inú fínígà, èyí tí ara lè jó gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ títí yóò fi di omi àti afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí síta. Ethanal tó wà láàárín ọ̀nà ni ewu wà. Òun ló ń dá kún èébì, orí fífọ́ àti àyà jíjá tó ń yọ ẹni tó mu àmujù lẹ́nu, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ sì ti ka ethanal tí ọtí mímu ń mú wá mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Ohun tó tún burú ju èyí lọ ni methanol, tó fi kábọ́nù kan dín sí ethanol. Àwọ̀ wọn kò yàtọ̀, òórùn àti adùn wọn sì sún mọ́ra débi pé ahọ́n ọ̀mùtí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ife kan náà. Ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú kò mọ ìyàtọ̀, nítorí náà ọ̀nà kan náà ni ó ń gbà ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀: methanol di methanal, methanal sì di methanoic acid. Ṣùgbọ́n methanoic acid kì í kúrò lára ènìyàn bọ̀rọ̀ bí ethanoic acid ti ń kúrò. Ṣe ni ó ń kó jọ, tí ó ń dí sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti lo ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ gbé wá fún un, iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ sì wà lára ohun tó ń kọ́kọ́ fara gbá a. Ìdí nìyí tí ẹni tó mu methanol fi lè sùn kí ó jí láìní ohun tó pọ̀ tó ń ṣe é, tí ó sì jẹ́ pé ní nǹkan bí wákàtí 12 sí 24 lẹ́yìn tó ti mu ún ni ojú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti rí ọ̀ràn yìí rí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, ní apá gúúsù ìpínlẹ̀ náà, ènìyàn tó lé ní 15 kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú, wọ́n sì ń dákú, púpọ̀ nínú wọn kò sì lo ju ọjọ́ kan lọ lẹ́yìn tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìròyìn káàkiri ayé pè é ní àrùn àràmàǹdà, àwọn kan ní ìlú náà ń sọ pé òrìṣà ló ń bínú, Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá kọ́kọ́ fura sí oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko lóko, nítorí pé àyẹ̀wò kò rí kòkòrò àrùn kankan. Nígbà tó yá ni àyẹ̀wò fi hàn pé methanol tó wà nínú ògógóró ni. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí irú ikú kan náà ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, tí ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de títa ògógóró lọ́dún náà. Ó yẹ kí wọ́n ṣe ìdájọ́ òdodo fún ẹmu nínú ọ̀rọ̀ yìí: ṣúgà inú omi ọ̀pẹ àti ti ògùrọ̀ máa ń di ethanol nígbà tó bá kan, methanol tó ń bá a rìn kì í sì í tó nǹkan. Methanol tó pọ̀ tó èyí tó ń pa ènìyàn ní ọjọ́ kan sábà máa ń jẹ́ èyí tí ẹnìkan rà láti ilé iṣẹ́ tí ó sì fi lú ọtí.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó mu methanol fi hàn bí orúkọ àti ìtọ́jú ṣe ń rìn pọ̀. Ohun tí dókítà ń lé kò ju pé kí "-ol" má ṣe di "-al" lọ. Nílé ìwòsàn, ó lè lo oògùn kan tí ń jẹ́ fomepizole, tó ń dí ẹ́ńsáìmù àkọ́kọ́ lọ́wọ́, tàbí ethanol tí wọ́n wọ̀n dáadáa, èyí tí ẹ́ńsáìmù náà fẹ́ràn ju methanol lọ tí yóò sì gbájú mọ́, kí kíndìnrín tàbí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kó methanol jáde ní ipò methanol tó wà. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni èyí o, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ìgò ọtí mìíràn ṣe nínú yàrá.

Methanal kan náà ló wà nínú fọ́málìnì tí wọ́n ń lò ní mọ́ṣúárì. Gáàsì ni methanal fúnra rẹ̀, nítorí pé ó ń hó ní ìwọ̀n −19 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà inú omi ni wọ́n ti máa ń pò ó, ní nǹkan bí ìdá 37 nínú 100, kí ó tó lè ṣeé tọ́jú sínú ìgò. Ó ń so pùrótéènì ara òkú pọ̀ mọ́ra wọn débi pé kòkòrò ìdíbàjẹ́ kò lè rí i jẹ mọ́, agbára ìsopọ̀ yìí náà ló sì mú kí ó léwu fún ara alààyè. Ó ń ta ojú àti ọ̀nà ọ̀fun ẹni tó bá ń fà á símú, ó sì wà nínú àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. NAFDAC ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń fi í pa oúnjẹ mọ́ kí ó má bàa bàjẹ́, ìkìlọ̀ tí ẹni tó bá mọ ìdí tí òkú kì í fi í rà nínú rẹ̀ kò nílò àlàyé lé lórí. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò fọ́málìnì sábà máa ń jẹ́ formaldehyde, kì í ṣe methanal. Orúkọ àtijọ́ nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí acetaldehyde ti jẹ́ orúkọ àtijọ́ fún ethanal, nítorí pé kí ìpàdé àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní Geneva ní ọdún 1892 tó fi ìlànà lélẹ̀, ibi tí wọ́n ti rí èròjà tàbí ohun tó ń dà ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ. IUPAC, àjọ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919 láti máa bójú tó irú ọ̀rọ̀ yìí, ṣì fàyè gba formaldehyde àti acetaldehyde nítorí pé wọ́n ti mọ́ gbogbo ayé lẹ́nu, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ mọ orúkọ méjèèjì: ọ̀kan fún ìwé ìdánwò, ọ̀kan fún ara ìgò.

Yíyà aldehyde sórí ìwé ní ọ̀nà mẹ́ta, butanal sì tó láti fi gbogbo wọn hàn. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí wọ́n kọ lẹ́tà gbogbo átọ̀mù, kí wọ́n sì fa ìlà fún gbogbo ìdè, èyí tó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń gba àyè púpọ̀. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n ká a kúrú sórí ìlà kan: CH₃CH₂CH₂CHO. Níbí ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra láti má ṣe kọ COH dípò CHO, nítorí pé COH ń sọ fún òǹkàwé pé ọ́síjìn ló di háídírójìn mú, ìwà ọtí sì nìyẹn. Nínú aldehyde, kábọ́nù ló di àwọn méjèèjì mú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀nà kẹta, tí àwọn onímọ̀ fẹ́ràn jù, ni ìlà tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ, nínú èyí tí wọn kì í kọ C tàbí H kankan sórí ẹ̀wọ̀n náà. Gbogbo ibi tí ìlà bá ti ṣẹ́ àti ibi tó bá parí sí jẹ́ kábọ́nù kan, àwọn háídírójìn tó sì yẹ kí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ohun tí òǹkàwé yóò fi iye ìdè mẹ́rin ṣírò fúnra rẹ̀. Butanal di ìlà mẹ́ta tó so kọ́ra, pẹ̀lú ìlà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tó lọ bá lẹ́tà O láti orí kábọ́nù tó kẹ́yìn. Èyí nìkan ni ibi tí wọ́n lè kọ H sí kí ó má bàa rú ẹnikẹ́ni lójú, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì fẹ́ràn kí wọ́n kọ ọ́.

Ìdè tó wà ní àyíká kábọ́nù CHO tẹ́jú pẹrẹsẹ, àlàfo tó wà láàárín wọn sì sún mọ́ ìwọ̀n 120, nítorí náà ẹni tó ya C, H àti O bí àgbélébùú kò tíì rí bí mólékù náà ṣe rí. Ohun kan tún wà tí àwòrán yìí ń sọ fún ẹni tó bá wò ó dáadáa. Kò sí ọ́síjìn tó di háídírójìn mú nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ irú ọ́síjìn àti háídírójìn bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí mólékù ọtí lè fà mọ́ ara wọn gan-an. Ìdí nìyí tí ethanol fi ní láti gbóná dé 78 kí ó tó hó, tí ethanal sì ti ń hó ní nǹkan bí 20. Ìgò ethanal tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́ lọ́sàn-án gangan yóò fò lọ tán. Nígbà tí wọ́n bá sì ń se ẹmu láti fi ṣe ògógóró, ethanal wà lára ohun tó ń kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú àwọn ẹ̀kán àkọ́kọ́.

Títí di ibí, ẹ̀wọ̀n gbọọrọ nìkan ni orí yìí ti sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kòkó, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Àkókó fi ń tọ́ ọmọ níwèé, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n gbọọrọ. Nígbà tí àgbẹ̀ bá pa kòkó, tó kó o jọ, tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, ìwúkàrà máa ń sọ ṣúgà inú omi ara èso náà di ethanol, àwọn bakitéríà sì máa ń gba ọ̀nà ethanal sọ ethanol yẹn di ethanoic acid. Ìdí nìyí tí òkìtì kòkó fi ń rùn bí fínígà tí ó sì ń gbóná dé nǹkan bí 50. Ooru àti ásíìdì yìí ló ń pa ọmọ inú ẹyọ kòkó, tó sì ń jẹ́ kí pùrótéènì rẹ̀ fọ́ sí àwọn ẹyọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní amino acid. Àwọn amino acid wọ̀nyí kò ní òórùn ṣokoléètì rárá. Ìgbà tí wọ́n bá yan kòkó ní ìwọ̀n tó lé ní 120 ni wọ́n tó bá ṣúgà jà, tí kábọ́nù kan jáde lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gẹ́gẹ́ bí gáàsì, tí ìyókù sì di aldehyde. Adolph Strecker, ará Jámánì mìíràn, ló ti ṣàkíyèsí irú ìyípadà yìí ní 1862, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é.

Leucine, ọ̀kan nínú àwọn amino acid náà, ní kábọ́nù mẹ́fà. Bí ó bá pàdánù ọ̀kan, márùn-ún ló kù. Ẹni tó bá yára yóò ní pentanal ni, ṣùgbọ́n kábọ́nù márùn-ún náà kò sí lórí ìlà kan: mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀wọ̀n tó gùn jù, ìkarùn-ún sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Níbí ni nọ́mbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò. Ẹ̀wọ̀n oníkábọ́nù mẹ́rin tó ní CHO jẹ́ butanal. Ẹ̀ka oníkábọ́nù kan, CH₃, ni wọ́n ń pè ní methyl. Wọ́n sì ń ka nọ́mbà láti ọ̀dọ̀ CHO lọ, kì í ṣe láti ìdí kejì, bó ti wù kí nọ́mbà náà tóbi tó. Kábọ́nù kẹta ni ẹ̀ka leucine wà, nítorí náà 3-methylbutanal ni orúkọ aldehyde rẹ̀. Isoleucine, tí iye átọ̀mù rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti leucine, ní ẹ̀ka tirẹ̀ lórí kábọ́nù kejì, èyí tó sọ aldehyde rẹ̀ di 2-methylbutanal, nígbà tí valine, tó fi kábọ́nù kan dín sí wọn, ń fún wọn ní 2-methylpropanal. Àwọn mẹ́ta yìí wà lára òpómúléró òórùn ṣokoléètì. Àgbẹ̀ tó sá kòkó láìjẹ́ kí ó bo tó ọjọ́ rẹ̀ kò fún amino acid láyè láti pọ̀, ilé iṣẹ́ tó rà á ní Yúróòpù kò sì ní rí aldehyde tó tó nínú rẹ̀ bó ti wù kí ó yan án tó. Ọ̀rọ̀ iye owó kòkó tó dára àti èyí tí kò dára kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ 3-methylbutanal.

Koríko ọba, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ewé tíì, gùn ju èyí lọ lórúkọ, ṣùgbọ́n kò le ju èyí lọ. Citral ni wọ́n ń pe èròjà tó pọ̀ jù nínú òróró olóòórùn dídùn rẹ̀, orúkọ ìlànà rẹ̀ sì ni 3,7-dimethylocta-2,6-dienal. Ẹni tó bá kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú yóò rí i pé "-al" ń sọ pé aldehyde ni, "dien" ń sọ pé ìdè méjì-méjì láàárín kábọ́nù àti kábọ́nù wà ní ibi méjì, "2,6" ń sọ pé ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti kábọ́nù kejì sí ìkẹta, èkejì láti ìkẹfà sí ìkeje, "octa" ń sọ pé mẹ́jọ ni ẹ̀wọ̀n náà, "3,7-dimethyl" sì ń sọ pé ẹ̀ka oníkábọ́nù kan wà lórí ìkẹta àti lórí ìkeje. Kò sí ohun tó kù láti béèrè kí wọ́n tó yà á, àyàfi ọ̀kan. Ìdè méjì-méjì kì í yí po bí ìdè ẹyọ ti ń yí po, nítorí náà CHO àti ìyókù ẹ̀wọ̀n lè wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà ìdè tó bẹ̀rẹ̀ ní kábọ́nù kejì, tàbí kí wọ́n wà ní òdìkejì ara wọn. Z ni àmì ti àkọ́kọ́, E ni ti èkejì, koríko ọba sì ní méjèèjì pọ̀: neral ni Z, geranial ni E.

Aldehyde onídè méjì-méjì tó kéré jù ni prop-2-enal, tí gbogbo ẹni tó bá ti dín àkàrà mọ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí epo bá gbóná kọjá ààlà títí ó fi ń rú èéfín, glycerol inú rẹ̀ máa ń pàdánù omi, ó sì ń di èròjà yìí, tó ń ta ojú débi pé omijé ń dà.

Bí CHO bá so mọ́ òrùka kábọ́nù, wọn kì í ka òrùka mọ́ ẹ̀wọ̀n. Benzaldehyde ni wọ́n ń pe èyí tó so mọ́ òrùka benzene oníkábọ́nù mẹ́fà, ibi tí CHO so mọ́ lára òrùka náà sì ni nọ́mbà 1. Ewé ọkà bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ní èròjà kan tó ń jẹ́ dhurrin, tó jẹ́ pé bí màlúù bá jẹ ẹ́ lájẹjù, yóò fọ́ sí ṣúgà, sáyánáìdì àti 4-hydroxybenzaldehyde, ìyẹn benzaldehyde tí OH wà ní òdìkejì òrùka náà gan-an. Sáyánáìdì ló ń pa màlúù náà, kì í ṣe aldehyde. Gbágùúdá pẹ̀lú ń tú sáyánáìdì sílẹ̀, ṣùgbọ́n asitóònù ló ń bá tirẹ̀ jáde, ketone dípò aldehyde. Bí wọ́n bá sì fi ẹ̀ka CH₃O, tí wọ́n ń pè ní methoxy, sórí kábọ́nù kẹta nínú aldehyde ọkà bàbà yìí, vanillin tó wà nínú áísìkiriìmù ni wọ́n ní lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ hydroxy yìí mú ìlànà kan wá tó ń dààmú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Bí OH ọtí àti CHO bá pàdé nínú mólékù kan, CHO ló jùlọ, òun ni yóò gba àfòmọ́ ìparí, OH yóò sì bọ́ sí iwájú gẹ́gẹ́ bí "hydroxy". Bí CHO bá wá pàdé COOH ti ásíìdì, òun náà yóò fi ipò sílẹ̀, yóò sì di "oxo" níwájú orúkọ. Gúlúkóòsì ni àpẹẹrẹ tó dára jù fún ti àkọ́kọ́, nítorí pé nígbà tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, 2,3,4,5,6-pentahydroxyhexanal ni: kábọ́nù mẹ́fà, OH márùn-ún, CHO kan. Emil Fischer, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1902, ló fi ọ̀nà kan lélẹ̀ ní 1891 láti máa ya irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ ní òró, pẹ̀lú CHO lókè pátápátá, kí ẹ̀gbẹ́ tí OH kọ̀ọ̀kan wà lè hàn. Lóòótọ́, òrùka ni èyí tó pọ̀ jù nínú gúlúkóòsì máa ń jẹ́ nínú omi, ṣùgbọ́n díẹ̀ tó ń ṣí sílẹ̀ tó láti ṣe ohun tí aldehyde máa ń ṣe, ìyẹn gbígba ọ́síjìn láti di ásíìdì. Omi Benedict tó ní àwọ̀ aró máa ń di ewéko, yẹ́lò, tàbí pupa bíi bíríkì nígbà tí wọ́n bá sè é pẹ̀lú ìtọ̀ tí gúlúkóòsì wà nínú rẹ̀, ọ̀nà yìí ni wọ́n sì fi ń mọ àtọ̀gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí bébà àyẹ̀wò tó dé. Ketone bíi asitóònù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò ní háídírójìn lórí kábọ́nù tó di ọ́síjìn mú.

Ó ku aldehyde tó ní CHO ní ìdí méjèèjì. "Dial" ni àfòmọ́ rẹ̀, wọn kì í sì í gé "e" orúkọ alkane kúrò níwájú rẹ̀, nítorí náà pentanedial ni orúkọ èyí tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń pa kòkòrò lára irinṣẹ́ tí wọn kò lè sè.

Kí òǹkàwé tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlànà yìí ti yé òun mú bébà àti bírò, kí ó sì ya 2,2-dichloroethanal, ọ̀kan lára ohun tí dichlorvos, oògùn ẹ̀fọn àti aáyán, ń dà nígbà tó bá fọ́ nínú omi. Chloro ni orúkọ tí kiloríìnì ń jẹ́ nígbà tó bá jẹ́ ẹ̀ka, ìdè kan ṣoṣo ló sì ní. Bí ohun tó wà lórí bébà bá jẹ́ kábọ́nù méjì, háídírójìn méjì, kiloríìnì méjì àti ọ́síjìn kan, tí àwọn kiloríìnì náà sì wà lórí kábọ́nù kan náà tí kì í ṣe ti CHO, ó yà á dáadáa. Bí ó bá ní ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, kí ó padà lọ ka ìdè mẹ́rin kábọ́nù lẹ́ẹ̀kan sí i.